Níbo Lẹ Ti Pọn Omi Òní?

Ìdí ṣáláńgá ni ìfẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn mìíràn pàdé nínú ìjọ, àwọn mìíràn pàdé nílé ẹ̀kọ́. Ní ti Moyinolúwa, oko ló ti dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, ó sì bá ọkùnrin gíga kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lóṣòó síwájú ṣáláńgá bàbá rẹ̀, tó ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀.

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó dúró. Ọkùnrin náà fi ìka kan ra etí ilẹ̀kùn, ó gbé ìka náà sójú, ó wò ó. Ó yọjú wo inú ihò. Ó tún ya fọ́tò mìíràn.

"Bọ̀dá," ni Moyin wí, "ṣé kí n bá yín pe ẹnì kan tó máa jókòó síbẹ̀, kí fọ́tò náà lè dùn ún wò?"

Ọkùnrin náà fò dìde, orí rẹ̀ sì gbá páànù. Akínpẹ̀lú lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́. Bí àwọn aláàánú òkè òkun bá fi owó gbẹ́ ẹ̀rọ omi tàbí kọ́ ṣáláńgá fún abúlé kan, òun ni wọ́n máa ń rán lẹ́yìn náà láti lọ wò ó bóyá àwọn èèyàn ń lò ó lóòótọ́, bóyá ìgbẹ́ gbuuru ti dínkù lára àwọn ọmọdé, àbí ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ohun tí wọ́n kọ́. Ó ti rí ewúrẹ́ tó pọ̀. Ó ti rí ṣáláńgá tí wọ́n fi ṣe abà iṣu. Nítorí náà, ẹnu ọmọ aráyé kì í tètè wọ̀ ọ́ létí mọ́.

"Ẹ má bínú," ó ní, ó ń fọwọ́ pa orí. "Láti Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti wá, aláǹtakùn ni mò ń wò. Bó bá ti ta sí ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í wọlé síbẹ̀."

"Aláǹtakùn lẹ tìtorí rẹ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́! Ẹ kú ìrìn o. Òun náà ti ń retí yín."

Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Moyin ò rín. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọkùnrin náà ní èjí, inú sì bí i díẹ̀ pé òun rí i.

Abà Òkúta wà láàárín Ìsẹ̀ àti Emùré, inú oko kòkó. Àwọn ará ibẹ̀ kì í bá àlejò jà, wọn kì í sì í gbà á gbọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ wá kọ orúkọ wọn sínú ìwé, owó orí ló mú bọ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e ní ìjọba fẹ́ fún wọn ní ajílẹ̀, títí dòní wọn ò rí ajílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan ń tú ṣáláńgá wò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé ó wá kó ohun tí wọ́n fún wọn padà.

Bàbá Ọlọ́runtọ́ba, bàbá Moyin, ni alága ìgbìmọ̀ omi. Ó gbé àga fún àlejò, ó jókòó kọjú sí i, kò sì yí ojú kúrò lára fóònù náà.

"Bàbá, níbo lẹ ti pọn omi tẹ́ ẹ mu lónìí?" ni Akínpẹ̀lú bi í.

"Odò."

"Odò ni?"

"Odò ni o. Ṣé o fẹ́ kí á lọ pọn ọ́n lójú ọ̀run ni?"

Ibi mẹ́rin ló wà nínú fóònù tí Akínpẹ̀lú lè tẹ̀: ẹ̀rọ, kànga, odò, òjò. Ó tẹ odò. Ó lọ sí ulé kejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilé níbẹ̀, odò ni wọ́n wí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń ya àgbàdo, odò ni. Ó yà á lẹ́nu. Ẹ̀rọ omi wà níwájú ọjà wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òjò pọ̀ lásìkò náà, odò abẹ́ afárá tó gbà kọjá wọlé kún bámúbámú. Nígbà tó wá dé ìdí ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án gangan, àgádágodo ló bá lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹyọ èèyàn kan níbẹ̀.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni," ni Moyin wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ń tẹ̀ lé e kiri.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ tì í pa?"

Wàyí o, ìdáhùn wà. Orí àpáta ni Abà Òkúta wà, omi abẹ́ rẹ̀ kì í tètè kó jọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á tì í lọ́sàn-án kí omi lè sun padà. Ṣùgbọ́n Moyin ro ó pé bí òun bá ní omi rẹ̀ kì í tó, wọ́n lè ní kí wọ́n wá hú u lọ fún ibòmíràn.

"Ó ń sinmi," ló wí.

Akínpẹ̀lú wò ó títí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ́bìnrin kan ló ti ẹ̀rọ pa, pé odò ni àwọn ará abà ń mu. Ká ní Moyin ti sọ gbólóhùn kan sí i ni, ìtàn yìí ì bá kúrú.

Kí ó tó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ní kí Moyin fún òun ní nọ́ńbà. "Mo lè nílò àlàyé sí i."

"Lórí aláǹtakùn?"

"Lórí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Moyin fún un. Ó kọ́kọ́ yí nọ́ńbà kan padà, ó wo ojú rẹ̀, ó tún un ṣe.

Bó ṣe di pé wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Olùkọ́ ni Moyin nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abà wọn, Ìkẹ́rẹ́ náà ló sì ti kàwé, nítorí náà ó mọ òpópó tí Akínpẹ̀lú ń gbé, ó mọ bí òkúta Olósùnta ṣe ń yọ lẹ́yìn òrùlé wọn. Wọ́n máa ń pàdé ní Emùré lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n á sì máa fín ara wọn níràn.

"Ṣé iṣẹ́ lo fi ń pè mí, àbí ara rẹ?" ni Moyin bi í nígbà kan.

"Ara mi ni."

"Kí ló dé tó o máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé èmi náà wà lára ohun tí ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wọ̀n?"

"Ìwọ ò ṣeé wọ̀n, olólùfẹ́ mi."

"Irọ́! Bó o ṣe ń wo ojú mi yìí, o fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti wọlé síbẹ̀ ni."

Akínpẹ̀lú bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ó mú búrẹ́dì dání fún Bàbá Ọlọ́runtọ́ba. Bàbá dúpẹ́, ó bu díẹ̀ fún ajá, ó wo ajá náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó jẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gún iyán fún àlejò, ó jẹ, ó sì tún bù sí i. Nígbà tí Moyin ń sìn ín sọ́nà lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ jáde.

"Moyin, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo gbọ́."

"Ó tán?"

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀ mí létí ná." Ṣùgbọ́n ó di ìka rẹ̀ kan mú títí wọ́n fi dé ìdí ọ̀kadà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ọyẹ́ dé. Gbogbo ewé kòkó gbó, ètè gbogbo èèyàn là. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Akínpẹ̀lú bá pè, Moyin á ní, "Mò ń re odò, màá pè ọ́ padà." Ó máa ń pẹ́ kó tó pè padà. Akínpẹ̀lú ò fura, àfi ọjọ́ tí iṣẹ́ gbé e gba Emùré, tó sì bojú wo abẹ́ afárá. Odò ti gbẹ. Yanrìn ni, àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lórí yanrìn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Moyin pé, "Ṣé omi ṣì wà nódò yín?"

"Ó wà dáadáa, a dúpẹ́."

"Ta ni ẹ jọ máa ń lọ?"

"Gbogbo èèyàn. Fisáyọ̀ ló bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì lánàá."

Akínpẹ̀lú mọ Fisáyọ̀. Bíríkìlà tó kọ́ àwọn ṣáláńgá abà ni, apọ́n ni, apá rẹ̀ sì le. Ṣé ọkùnrin tó ń wá aláǹtakùn lẹ́nu ilẹ̀kùn oní-ilẹ̀kùn ló wá di ẹni tí wọ́n ń purọ́ fún ní gbangba báyìí? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà gba Ìsẹ̀ kọjá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó sọ̀ kalẹ̀ wọnú odò gbígbẹ náà, ó pe Moyin.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà lódò." Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Moyin, èmi náà wà lódò."

"Odò wo?"

"Odò yín! Àárín rẹ̀ ni mo dúró sí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbí àfi aláǹgbá."

"Kí lò ń wá nínú odò gbígbẹ, Akínpẹ̀lú?"

"Ìwọ ni!"

Moyin bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Máa bọ̀ níwájú ọjà, níbi tí èèyàn wà."

Ìdí ẹ̀rọ ló bá wọn. Gbogbo abà ló wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò àti bàsíà tò lọ rẹrẹẹrẹ. Fisáyọ̀ ń tẹ ẹ̀rọ fún ìyá arúgbó tó ya àgbàdo níjọ́sí. Kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró Moyin.

"O ní odò lo wà."

"Kí ni èyí?"

"Ẹ̀rọ omi ni."

"Ẹ̀rọ ni lọ́dọ̀ yín. Odò là ń pè é. Ibi tí ìyá mi ti ń pọn omi, odò ló ń pè é, ibi tí èmi náà ti ń pọn ọ́n nìyí. Ta ló tún ń lọ sí ìsàlẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tí èyí ti dé? Ẹja pàápàá ti ṣí kúrò níbẹ̀."

Owú kúrò lọ́kàn Akínpẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtura tó bá a pọ̀ débi pé ó fẹ́ẹ̀ dì mọ́ Moyin lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ló rántí ìka rẹ̀ lórí fóònù, láti ulé dé ulé: odò, odò, odò.

Ibi tó dúró sí nìyẹn nígbà tí Bàbá Ọlọ́runtọ́ba ti ìpàdé àwọn aláàánú dé láti Emùré. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"An ti gbé ẹ̀rọ kejì fún ẹlòmíràn," ó ní. Ẹ̀rọ kejì ni èyí tí wọ́n ti ṣèlérí fún ilé ẹ̀kọ́ abà, níbi tí àwọn ọmọ tí Moyin ń kọ́ ti ń fi omi kẹ́ẹ̀gì kan fọ ọwọ́ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. "An ní a í mu odò àtijọ́. An ní ọmọbìnrin kan lọ́ ti àkọ́kọ́ pa mọ́ ria lójú, àwa ará abà."

Ariwo sọ. Fisáyọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ọmọbìnrin kan! Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta lọ́ í bá akọ̀wé wọn jẹ bọ̀ọ̀lì?"

Gbogbo ojú yí sí Moyin. Akínpẹ̀lú lè sá, ọ̀kadà rẹ̀ ò jìnnà.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó wí. "Moyin ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé odò, mo sì rò pé ìsàlẹ̀ lẹ ń wí."

Moyin wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Nígbà tó ò ń jẹ iyán wa, o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́. Mo gbà pé òótọ́ ni."

"O ò sì bi mí!"

"Mo bi ọ́ nípa àgádágodo, Moyin. O ní ó ń sinmi."

Òótọ́ ni, ó sì dùn ún jù bí irọ́ ì bá ṣe dùn ún lọ. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé e fún Fisáyọ̀. Bàbá rẹ̀ ò gbèjà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà afárá, ó sọ fún Akínpẹ̀lú pé, "Má tún dé ulé mi."

"Má sì pè mí mọ́," ni Moyin wí.

Láti ọjọ́ náà, bí Moyin bá dé ìdí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ á dúró lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ìyá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò kí i dáadáa mọ́. Wọ́n ní ó tà wọ́n nítorí ọkọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ mọ́ bóyá ìfẹ́ ni ọkùnrin náà bá wá, àbí ó kàn ń ṣọ́ wọn ni.

Akínpẹ̀lú gba ọ́fíìsì wọn lọ ní Àkúrẹ́. Ìyáàfin Mercy, ọ̀gá rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì wá lọ́nà. Kọ àtúnṣe rẹ̀, fọwọ́ sí i, màá fi ránṣẹ́ lónìí, bóyá wọ́n ṣì lè dá ẹ̀rọ náà padà." Ó tún gíláàsì náà wọ̀. "Àmọ́ o mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ bi ọ́. Ṣé o ní ẹnì kan níbẹ̀?"

Bó bá ní rárá, ó parí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Moyin pàápàá ti lé e, irọ́ náà ò sì jìnnà sí òótọ́ mọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ohun tó kọ lórí Abà Òkúta ti dìdàkudà, wọn ò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé àtúnṣe rẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan níbẹ̀, mà," ó wí. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, bó bá ṣì lè gbà mí."

Ìyáàfin Mercy mí kanlẹ̀. "O ò bá má sọ fún mi. Ó dáa, o ò ní tún fọwọ́ kan iṣẹ́ abà yẹn mọ́. Ẹ̀bùnolúwa ló máa lọ tún gbogbo rẹ̀ wò. Mi ò sì lè ṣèlérí ẹ̀rọ kankan."

Ẹ̀bùnolúwa dé Abà Òkúta lọ́wọ́ àárọ̀, obìnrin kúkurú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn ò fún un lága. Ó lọ dúró sídìí ẹ̀rọ, ó ń wo àwọn tó wá pọn omi, ó bá wọn gbé bàsíà lérí. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yọ fóònù rẹ̀.

"Kí lẹ ń pe ibí yìí?" ló bi ìyá arúgbó kan.

"Odò," ni ìyá náà wí, ó ń fojú tín-ín-rín wò ó. "Ṣé ẹ̀yin náà tún fẹ́ lọ dà á rú ni?"

Moyin ló sìn ín dé afárá, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ sìn ín.

"Ta ló kọ́ yín láti bi wọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Akínpẹ̀lú. Wọ́n ti gba iṣẹ́ ibí lọ́wọ́ rẹ̀."

"Nítorí àṣìṣe rẹ̀?"

"Rárá o. Wọ́n bi í bóyá ó ní ẹnì kan níbí. Ká ní ó sẹ́ ọ ni, àtúnṣe rẹ̀ ni wọn ì bá lò, mi ò bá tí wá."

Moyin dúró sójú kan. "Ó rọrùn fún un láti sẹ́?"

"Ó rọrùn gan-an ni."

Moyin ronú lé e títí. Ó wá ihò sí i, ó rò ó bóyá ọgbọ́n kan ló tún ń dá, kò rí èrè kankan tí ọkùnrin náà jẹ níbẹ̀. Ó wá pè é. "Wá lọ́jọ́ Àìkú," ó wí. "Bàbá mi máa wà nílé." Ó gé fóònù kí ohùn rẹ̀ má bàa tú u fó.

Nígbà tí Akínpẹ̀lú dé, ó bá àwọn àgbà abà lórí pèpéle Bàbá Ọlọ́runtọ́ba. Fisáyọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Moyin dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akínpẹ̀lú tẹrí ba díẹ̀ bí àwọn ará ọ́fíìsì ṣe ń ṣe, ó dúró ní àárín agbo.

"Obìnrin tó wá yẹn," ni Bàbá wí, "kí lọ́ kọ nípa ria?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Wọn ò ní jẹ́ kí n rí i."

"Bó bá tún kọ pé odò ìsàlẹ̀ la í mu ń kọ́?"

"Màá wà níbí, ẹ ó sì lè bú mi lójú mi."

Fisáyọ̀ pòṣé. Bàbá fa ara rẹ̀ síwájú. "Kí lọ́ dé tí ùwọ fúnra rẹ ò tún un wọ̀n? Ùwọ lọ́ bà á jẹ́."

"Wọn ò lè gbà fún mi, bàbá. Kò sẹ́ni tó ń wọn ilé àna rẹ̀."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ulé ta ni?" ni Bàbá Ọlọ́runtọ́ba bi í.

"Ilé... ilé àna mi, bàbá."

"Ta lọ́ fún ọ láya?"

"Mo wá tọrọ ni."

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà. "Ẹni tó wá wọn ulé lè dúró," ó wí. "Àna kì í dúró."

Akínpẹ̀lú wólẹ̀. Ó na gbalaja sínú eruku, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìhà ọ̀tún, ìhà òsì. Bàbá ò ní kó dìde. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí ojú sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Moyinolúwa, ṣé kí n ní kó dìde?"

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílẹ̀ díẹ̀, bàbá mi," ni Moyin dáhùn. "Mo fẹ́ wò ó dáadáa."

Ẹ̀rín sọ lórí pèpéle, àwọn àgbà tí kò bá Moyin sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí rẹ́rìn-ín, Fisáyọ̀ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Moyin sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó rọra yí ọkùnrin náà po. Nígbà tó yí i po tán, ó kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí bàbá rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runtọ́ba wò wọ́n títí, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí eékún.

"Ẹ dìde," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."